Omi Tó Já Bọ́ Tó Di Iná

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn sún mọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Àwọn baba wa ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ìyanu kan wà tí kò ní ká rìn jìnnà ká tó bá a pàdé. Ó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa, ó wà lókè orí wa, ó wà nínú wáyà tó gba iwájú ilé kọjá, a sì ń bá a gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa láìkí i kú iṣẹ́. Agbára tí ojú kì í rí ni mo fẹ́ sọ fún yín: èyí tó ń fa nǹkan wálẹ̀, èyí tó ń tẹ nǹkan, àti èyí tó ń gbé inú irin àti bàbà di iná. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni a ó ti gbéra, a ó ya ọ̀dọ̀ Odò Ọya, a ó sì wá gúnlẹ̀ sí Òṣogbo Òròkí.

Ẹni tó bá ti dé ibi omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí mọ̀ pé kí ojú tó rí omi náà ni etí ti ń gbọ́ ọ, tí òtútù rẹ̀ á sì ti máa fọ́n sí ènìyàn lára láàárín igbó. Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin kan, Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ kàn án nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣí kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ̀dó sí agbègbè náà, àti pé ẹ̀rù ohun tí wọ́n rí ló mú kí wọ́n kà á sí òrìṣà. Kò yà mí lẹ́nu. Ipele 7 ni omi náà ní lára òkè. Ẹni tó bá gun ìkíní, tó rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ tán, á gbójú sókè, á sì rí i pé ìkejì ń dúró de òun; ìkẹta wà lókè ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gùn títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ Akínlà wá ni omi yìí ti ń já bọ́, tọ̀sán tòru, lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tó ń tì í láti ẹ̀yìn. Odò kì í sì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Kí ló wá ń fà á? Ilẹ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ. Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́ tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí ló ń fa omi, òun ló ń fa máńgòrò tó pọ́n, òun ló ń fa ọmọ tó gun igi láìgba àṣẹ, òun náà ló sì ń fa èmi tí mo jókòó níwájú yín yìí. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ṣùgbọ́n kí òkò náà tó bá ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ti ń fà á láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ sì wo bí ó ṣe ń fà á. Ohun tó bá ń já bọ́ láti òkè, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń fi eré mítà 9.8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kún eré tó ń sá tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí omi tó rọra yọ jẹ́jẹ́ létí òkè fi ń fi ariwo àti ìbínú dé ìsàlẹ̀, tó ń gbẹ́ àpáta. Ìdí kan náà nìyí tí a fi ń pariwo mọ́ ọmọ tó bá dúró sí etí òrùlé: jíjá bọ́ láti orí àga ń fi egbò sílẹ̀, jíjá bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń gba ẹ̀mí.

Ẹ lè sọ pé, “Bàbá, ṣé ohun tó wúwo ni ilẹ̀ ń yára fà jù?” Ó jọ bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹ́ adìẹ bá jáde lọ́wọ́ yín, á máa rá bàbà kiri, nítorí afẹ́fẹ́ ń dá a dúró lọ́nà. Ẹ mú afẹ́fẹ́ kúrò, ẹ ó sì rí ìyanu. Lọ́dún 1971, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ sí orí òṣùpá, David Scott ni orúkọ rẹ̀, mú òòlù dání lọ́wọ́ kan, ó mú ìyẹ́ àṣá dání lọ́wọ́ kejì, ó sì jọ̀wọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Òòlù kò ṣíwájú, ìyẹ́ kò gbẹ́yìn; àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ kan náà kanlẹ̀. Ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, ẹni tó sanra àti ẹni tó rù, bákan náà ni ilẹ̀ ń pè wọ́n. Òun kì í ṣojúsàájú.

Mo ti dárúkọ òṣùpá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jinlẹ̀ jù nípa rẹ̀. Òṣùpá tí ẹ ń wò lókè yẹn ń já bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sá o! Ilẹ̀ ń fà á láti ìrìn bíi kìlómítà 384,000, òun náà sì ń jẹ́ ìpè. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, nǹkan bíi kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé nígbàkigbà tó bá ń já bọ́, á tún ti kọjá ibi tí ilẹ̀ wà. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó ń yí wa po láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Isaac Newton ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1687 pé agbára tó ń já èso lórí igi àti agbára tó so òṣùpá mọ́ wa, ọ̀kan ṣoṣo ni. Agbára tó ń da omi Olúmirin sílẹ̀ ní Ẹ̀rìn ló ń ko òṣùpá ní ìjánu. Mo ti dàgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lára ohun tó ń ya èmi lẹ́nu.

Àwọn ènìyàn wa kò jókòó lásán ti agbára yìí, wọ́n ti ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ lọ sí Ìtagunmódì àti Ìgun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ẹni tó ń wá wúrà á bu yẹ̀pẹ̀ odò sínú abọ́, á bu omi sí i, á wá máa yí i, á máa mì í, á máa da omi náà nù díẹ̀díẹ̀. Yanrìn wúwo ju omi lọ, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò tó ìlọ́po 3 ti omi. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Nítorí náà, bí abọ́ ti ń yí, omi á máa gbé yanrìn lọ, wúrà á máa wá ìsàlẹ̀ lọ, títí tí yóò fi ku èérún pupa díẹ̀ tó ń kọ mànà lábẹ́ abọ́. Kì í ṣe ojú ènìyàn ló ṣà á, ilẹ̀ ló bá a ṣà á. Kí odò tó kó o jọ sí abẹ́ òkúta rẹ̀ pàápàá, ilẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yíyan yìí fún àìmọye ọdún. Ohun tó ní ìwúwo nínú kì í bá ìṣàn lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí fífà, ká bọ́ sórí títẹ̀. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín síta. Kí ló wà lórí rẹ̀? Ẹ ní kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, láti ibí títí dé òkè tí ẹyẹ kò lè fò dé, ilẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ náà mọ́ra gẹ́gẹ́ bó ti ń fa omi. Bí a bá wọn èyí tó ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 100. Àpò símẹ́ǹtì 2 nìyẹn! Kí ló dé tí ọwọ́ kò fi ṣẹ́? Nítorí pé afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́ padà sókè, ohun tó wà nínú ara wa náà sì ń tẹ̀ ẹ́ síta. Àárín ìtẹ̀ méjì tó dọ́gba ni gbogbo wa ń gbé, a sì ń pè é ní àlàáfíà.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní Iléṣà, níbi tí ilé kan ń wo òrùlé ìkejì láti orí òkè, mọ agbára yìí dáadáa. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ afami sí ẹnu kànga, kì í ṣe òun gan-an ló ń fa omi sókè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀pá, afẹ́fẹ́ ìta á wá tẹ omi inú kànga, omi á sì gba inú ọ̀pá gòkè. Ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ ní ibi tó mọ: bí ẹ̀rọ náà ti lè dára tó, omi kò lè gba ọ̀nà yẹn gòkè ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní súmò sínú kànga ẹlẹ́rọ tó jìn, kó lọ jókòó sínú omi nísàlẹ̀, kó máa ti omi wá sókè láti ibẹ̀. Evangelista Torricelli, ọmọ Ítálì, ló là á yé ayé ní nǹkan bí ọdún 1644 pé ìsàlẹ̀ òkun afẹ́fẹ́ ni àwa ọmọ ènìyàn ń gbé. Omi náà ní ìtẹ̀ tirẹ̀. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá wọ inú omi lọ sí ìsàlẹ̀ ń fi ìtẹ̀ tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ òkè kún èyí tó wà lára rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà lò ó.

Agbára kẹta ló kù. Ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ rédíò tó bàjẹ́ rí ti rí òòfà tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rẹ̀, tí kò tóbi ju kóbọ́ àtijọ́ lọ. Ẹ gbé e sún mọ́ ìṣó tó wà nílẹ̀, ìṣó á fò sókè lọ bá a. Ẹ dúró kí ẹ ro ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí o. Gbogbo ilẹ̀ ayé, tòkè tòkun, ń fa ìṣó yẹn sísàlẹ̀. Òòfà kékeré kan ń fà á sókè, òòfà ló sì borí. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìbátan agbára yìí náà ló ń jẹ́ kí ẹní tí ẹ jókòó lé gbà yín dúró. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé ni iná mànàmáná wà, nínú igi, nínú òkúta, nínú ẹran ara. Òun ló so wọ́n pọ̀, òun ló sì ń kọ̀ fún wọn láti wọ inú ara wọn lọ. Bí kò bá sí i, ilẹ̀ ì bá ti fà wá gba inú ìjókòó kọjá.

Bí òjò bá ń ṣú, ẹ ń rí ìbínú rẹ̀. Yìnyín kéékèèké inú ìkuukùu ń gbo ara wọn, iná ń kó jọ, títí ìkuukùu kò fi lè gbà á mọ́, mànàmáná á sì kọ. Afẹ́fẹ́ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á gbóná ju ojú oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 5. Afẹ́fẹ́ náà á wú lójijì, á ti èyí tó yí i ká, ìtì yẹn ló ń dé etí wa gẹ́gẹ́ bí àrá. Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ẹ ó fi gbọ́ àrá: ìṣẹ́jú àáyá 3 dúró fún kìlómítà kan. Bí ẹ bá ka iye tó kéré, ẹ sá kúrò lóko, ẹ sá kúrò lábẹ́ igi, ẹ wọlé. Àwọn tó ń sin Ṣàngó ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì, kò sọ ọ́ lásán pé ohun tó wà nínú àrá kì í ṣe ohun tí à ń bá ṣeré.

Ta ló wá kọ́ ọmọ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń mú iná yìí sìn? Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Ìwúde Ògún, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro láti gbà. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ dídi ìwé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ilé-ìwé lọ. Lọ́dún 1820, ará Denmark kan, Oersted, ti rí i pé wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá ń yí abẹ́rẹ́ òòfà padà. Faraday bi ara rẹ̀ bóyá òòfà náà lè bí iná. Lọ́dún 1831 ló rí ìdáhùn: bí òòfà bá dúró jẹ́ẹ́ nínú wáyà bàbà tí wọ́n ká, kò sí nǹkan kan, bí òòfà bá rìn, iná dé. Nínú ìrìn ni iná náà wà.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ pa wọ́n pọ̀. Omi tó wà lókè, tí ilẹ̀ ń fà. Omi tó jìn, tó ń tẹ̀. Òòfà tó ń yí nínú bàbà. Lọ́dún 1968, wọ́n parí ìdídò Odò Ọya ní Káínjì. Odò náà kún, ó di adágún ńlá, ìlú Bùsà àtijọ́ sì lọ sábẹ́ omi pátápátá, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní láti ṣí lọ tún ilé kọ́ síbòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń tàn, àwọn kan ti fi ilẹ̀ baba wọn san owó rẹ̀; kò yẹ kí á máa fi ṣòfò. Ní Káínjì, wọ́n jẹ́ kí omi gba ihò tóóró já bọ́. Ilẹ̀ ń fà á, omi tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀ ẹ́, ó fi gbogbo ara bá àgbá kẹ̀kẹ́ irin kan, àgbá náà ń yí, òòfà ńlá tó so mọ́ ọn ń bá a yí láàárín bàbà, iná sì jáde. Ọya ni aya Ṣàngó, omi Ọya ló ń bí iná fún wa. Ta ló lè gbọ́ èyí kó má mirí?

Iná náà kò dúró sí Káínjì. Wọ́n gbé e ka orí òpó irin gíga ní volt 330,000, nítorí bí agbára tó ń tì í bá ti ga tó ni èyí tó ń ṣòfò lọ́nà ń dín kù tó. Ó gba Jẹ́bbà kọjá, ó dé Òṣogbo. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ọ̀ṣun mọ̀ pé Òṣogbo ni ibùdó ìṣàkóso gíríìdì iná orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó tọ̀sán tòru, wọ́n tẹjú mọ́ nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ 50. Iná wa gbọ́dọ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, káàkiri orílẹ̀-èdè, lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá bá ń mú jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tí gbogbo ilé, ọjà àti ilé-iṣẹ́ ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an. Ẹ ti rí ìyá tó ru ìkòkò omi tó kún dẹ́múdẹ́mú láti odò, tí kò fọwọ́ dì í mú, tí ọrùn rẹ̀ ń fi ọgbọ́n tún un ṣe ní gbogbo ìṣísẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Òṣogbo nìyẹn, orílẹ̀-èdè kan odindi ló wà lórí wọn.

Bí ohun tí à ń lò bá pọ̀ ju ohun tó ń wọlé lọ, ẹrù náà á wúwo fún gbogbo àgbá tó ń yí, eré wọn á rẹlẹ̀, 50 á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá já kúrò lójijì, àwọn yòókù á bọ́ sábẹ́ ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Kí irin wọn má bàa fọ́, àwọn náà á já ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, òkùnkùn á sì bo Èkó, Kánò, Ẹnugu àti Iléṣà láàárín ìgbà díẹ̀. Lọ́dún 2024, ó ṣẹlẹ̀ léraléra. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ nọ́ńbà náà nìyẹn.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wá kú tán ńkọ́? Èyí ni mo pa mọ́ de ìparí. Ẹ̀rọ amúnáwá púpọ̀ nílò iná kí wọ́n tó lè mú iná wá. Ṣùgbọ́n omi kò béèrè iná kó tó já bọ́. Nínú òkùnkùn tó dúdú jù, ilẹ̀ ṣì ń fà, odò ṣì wà lẹ́nu ihò, títẹ̀ rẹ̀ kò dín kù. Nítorí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo omi wà lára èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí, àwọn ni wọ́n á wá fi jí àwọn yòókù, ìlú kan lẹ́yìn ìlú kan. Wọn kì í kánjú, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ilé Òṣogbo àti Iléṣà lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa gbẹ́ kànga, ẹ̀yin lẹ máa fa wáyà. Ẹni tó bá yọ símẹ́ǹtì nínú òpó ilé lè tan onílé, ó lè tan aláyẹ̀wò, ó tilẹ̀ lè tan ọba. Kò lè tan ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń wọn òpó náà wò, kò sì gba rìbá. Ẹni tó bá yọ́ so wáyà mọ́ tiransifọ́mà lóru lè bọ́ lọ́wọ́ olówó iná, ṣùgbọ́n iná mọ̀ ọ́n, iná sì ń gba owó rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Agbára wọ̀nyí kò kórìíra ẹnikẹ́ni, wọn kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Òfin wọn ni wọ́n mọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹ kọ́ òfin náà nísinsìnyí, kí ẹ kọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì máa fi òótọ́ inú tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó bá pa á mọ́ ni omi, afẹ́fẹ́ àti iná máa ń ṣiṣẹ́ fún.